Omi Tútù fún Ìyá Àbúdù

Bí ẹ bá dé Treichville ní Abidjan, lẹ́yìn ọjà ńlá, tí ẹ ní Sídíkátù lẹ ń wá, wọ́n á bi yín pé Sídíkátù wo. Bí ẹ bá ní aránṣọ tó máa ń bú oníbàárà ni, ọmọdé á mú yín débẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Obìnrin náà mọ aṣọ rán, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun níṣẹ́. Oníbàárà á gbé aṣọ wá, á ní kó fún ìdí rẹ̀ pinpin bíi ti àwọn ọmọge Cocody, àdúgbò àwọn olówó. Sídíkátù á wo ìdí, á wo aṣọ, á ní, "Madame, aṣọ yìí ń bẹ̀ yín." Oníbàárà á bínú lọ, á sì tún padà wá lọ́jọ́ kejì, nítorí kò sí ẹni tó ń rán apá aṣọ kó jókòó sí èjìká bíi tirẹ̀ ní gbogbo àdúgbò náà.

Ní Ọjọ́rú, ó máa ń ti ṣọ́ọ̀bù. Yóò mú ọ̀pá rẹ̀, yóò wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn, yóò sì jókòó sínú yàrá kékeré kan pẹ̀lú àwọn obìnrin bíi mélòó kan tí iṣan ara wọn ń dà láàmú. Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, wọn kì í gbé e jáde. Ẹ̀rín wọn nìkan ló máa ń jáde, tí àwọn tó tò fún oògùn á máa wo ara wọn lójú pé kí ló dùn mọ́ àwọn aláìsàn wọ̀nyí tó báyìí. Ọdún 1979 la wà yìí, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Abidjan ni wọ́n bí Sídíkátù sí, ní 1942. Èjìgbò ni bàbá rẹ̀ ti wá, nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ́ tọ ara wọn lọ sí etíkun yìí láti ṣòwò. Nílé, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ní ilé ìwé, Faransé, lọ́jà, Júlà. Títí di òní, Faransé ni Sídíkátù fi ń ka iye, Júlà ló fi ń ná ọjà, Yorùbá ló sì fi ń bínú.

Ọdún kejì tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ló fẹ́ Rùfáì, ọkùnrin tó ń tún mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré, ṣe létí títì. Bí wọ́n ṣe mọra, ẹ̀rín ni. Rùfáì gbé ṣòkòtò kan wá pé ó ya, kó bá òun tún un ṣe. Kò pẹ́, ṣòkòtò náà tún ya. Ó tún ya. Nígbà tó yá, Sídíkátù gbé ibi tó ya sójú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó rí i pé abẹ ni wọ́n fi là á gbọọrọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "bí ẹ bá fẹ́ máa rí mi, ẹ máa bọ̀. Ẹ fi ṣòkòtò sílẹ̀, kò ṣẹ̀ yín."

Ọdún yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi so yìgì wọn. Rùfáì kì í ṣe ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ràn nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. Yóò fi epo sí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ láìjẹ́ pé ó béèrè, yóò tẹ̀ ẹ́ léjìká bó bá ń kọjá, ìyẹn sì tó Sídíkátù. Wọ́n bí ọkùnrin kan, Àbúdù, wọ́n bí obìnrin kan, Mùínàt. Oorun tọkọtaya náà dùn. A ò ní purọ́, àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ yàrá wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àgbàlá kan ni ilé wọn, tí yàrá yí i po. Yàrá Rùfáì wà lápá kan, ti ìyá rẹ̀ dojú kọ ọ́ lápá kejì, ẹ̀rọ omi wà láàárín níbi tí gbogbo ilé ti ń rí gbogbo ilé. Ìyá Rùfáì ni olórí níbẹ̀ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ní òfin kan tí kò fi ṣeré. Bí ìyàwó ilé bá bímọ, yàrá ìyá ọkọ ni yóò kó lọ. Ìyá ọkọ ni yóò máa fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, tí yóò máa fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ní ikùn. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ti le, ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ ni yóò ká ẹní rẹ̀, yóò gbé e kọjá àgbàlá, yóò kan ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀ pé, "Wá gba ìyàwó rẹ." Ìyàwó kì í dá ara rẹ̀ padà. Ọkọ kì í sì í béèrè. Èyí tó bá béèrè nínú wọn, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọmọ náà á fi wọ ilé ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sídíkátù ti lọ, tó ti bọ̀, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ní 1971 ni ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe é bákan. Ó jókòó, ó ń tẹ ẹ̀rọ, ó ń rán aṣọ lọ. Nígbà tó bojú wolẹ̀, bàtà rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń tẹ irin, kò sì mọ̀. Ó fọwọ́ gbá a, bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ náà sọjí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ojú òsì rẹ̀ ṣú, ó sì tún là. Ó ní àárẹ̀ ni. Ní 1973, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ méjèèjì kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò dìde.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fa omi láti ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tan iná sí i lójú, wọ́n fi òòlù kékeré gbá a lórúnkún. Dókítà Faransé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wá jókòó tì í, ó ní orúkọ àìsàn náà ni sclérose en plaques. Ó ní ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bá awọ tó bo iṣan jà. Àìsàn náà á máa dé, á máa lọ, kò ní pa á lónìí, kò sì ní fi í sílẹ̀ pátápátá. Ó wá fi kún un pé ó ya òun lẹ́nu, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn rí i lára aláwọ̀ dúdú.

"Docteur," ni Sídíkátù dá a lóhùn lórí ibùsùn, "ṣé èmi ni mo wá jí i nílé yín ni?"

Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde tán ni Sídíkátù tó sunkún.

Orúkọ Faransé yẹn ò gba ẹnu Ìyá Rùfáì. Pláàkì ló ń pè é, àfi bíi pé àlejò kan ló wọlé tí kò sọ ọjọ́ tí yóò lọ. "Pláàkì ti jí lónìí?" ló máa ń béèrè láàárọ̀. Sídíkátù á ní, "Ó ṣì ń sùn, Màmá." Lọ́jọ́ tí kò bá dára, á ní, "Ó ti jí, ó tiẹ̀ ti ń béèrè oúnjẹ."

Kí wọ́n tó gbé e dé láti ilé ìwòsàn ni Ìyá Rùfáì ti tẹ́ ẹní rẹ̀ sí yàrá tirẹ̀. Kí ni àgbà yóò tún ṣe? Ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ láti tọ́jú ìyàwó tí ara rẹ̀ ò le nìyẹn, ó sì ṣe é tọkàntọkàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, omi ti ń hó lórí iná. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kì í. Ara Sídíkátù yá díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀pá rìn. Rùfáì tú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò, ó de ọwọ́ mọ́ ọn, kí ìyàwó rẹ̀ lè máa fi ọwọ́ yí i. Iṣẹ́ padà, oníbàárà padà, èébú padà. Ẹní Sídíkátù nìkan ni kò padà.

Ọdún kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Ọmọ kì í pẹ́ kó tó gbó, ara abiyamọ sì máa ń le. Ṣùgbọ́n Pláàkì kò ní ọjọ́ ìkómọ, ta ni yóò wá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́? Ìyá Rùfáì ń dúró kí ara ìyàwó le tán. Rùfáì ń dúró de ìyá rẹ̀. Sídíkátù ń dúró de àwọn méjèèjì. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún ara wọn, ọ̀wọ̀ yẹn sì fẹ́ pa ilé náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọkọ rẹ̀ ń wù ú. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Yóò jókòó nídìí ẹ̀rọ, yóò máa wo Rùfáì bó ṣe ń fọ epo kúrò lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, ọkàn rẹ̀ á fà sí i, ojú á sì tì í fún ara rẹ̀. Ẹ̀rù tún ń bà á. Láti ìdí rẹ̀ dé orúnkún, ibòmíràn ti kú pátápátá, ibòmíràn ń ta bí ẹni pé iná kàn án. Ìtọ̀ máa ń bọ́ lára rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó rò ó pé bóyá òun kì í ṣe obìnrin tán mọ́. Rùfáì kì í sì í tẹ̀ ẹ́ léjìká mọ́ bó bá ń kọjá. Ìyẹn dùn ún ju ẹsẹ̀ lọ.

Ní 1976, bí ààwẹ̀ ṣe ń sún mọ́lé, ó jókòó sínú yàrá, ó gbọ́ ohùn Ìyá Rùfáì lábẹ́ fèrèsé. Àbúrò rẹ̀ kan ló wá kí i. Ìyá Rùfáì ní ọmọ òun ń rù. Ó ní ọmọbìnrin kan wà ní Èjìgbò, ọmọ ilé wọn ni, ara rẹ̀ le, ó mọ́wọ́ mẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣínu ààwẹ̀ tán, òun á ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa mú un bọ̀ fún Rùfáì.

Sídíkátù kò kórìíra orogún. Ilé olórogún ni wọ́n bí i sí, ó sì mọ̀ pé ilé á máa kún. Ohun tó ká a lára ni pé wọ́n fẹ́ gbé ẹlòmíràn jókòó sórí àga tí òun kò tíì dìde lórí rẹ̀. Bí ọmọ náà bá dé, yàrá ìyá ọkọ di ilé òun títí láé nìyẹn. Ó mọ̀ pé oṣù ààwẹ̀ yìí nìkan ni àyè tó kù fún òun.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ló pàdé Germaine ní ilé ìwòsàn. Ọmọ tíṣà láti Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni Germaine. Kékeré ló wà nígbà tí wọ́n lé àwọn ará Dàhòmè ní Abidjan ní 1958, tí bàbá rẹ̀ kó ìdílé padà sílé nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì tún padà wá, ó ní òun gbàgbé nǹkan kan síbẹ̀. Ìjọ Àgùdà ló ń lọ, àgbélébùú kékeré wà lọ́rùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn. Òun ni wọ́n ní kó máa bójú tó àwọn aláìsàn iṣan. Ó béèrè ojú lọ́wọ́ Sídíkátù, ó béèrè ẹsẹ̀, ó béèrè ìtọ̀. Lẹ́yìn náà ó fa aṣọ ìkélé.

"Ilé ńkọ́, Ìyá Àbúdù?"

"A dúpẹ́, Madame."

"Mi ò béèrè òrùlé. Chambre, yàrá yín, ńkọ́? Ẹ̀yin àti Monsieur, ṣé ẹ ṣì ń sùn pọ̀?"

Sídíkátù, tó ń bú gbogbo Treichville, ló wá di ẹni tí ń wolẹ̀. "Madame, ẹsẹ̀ ló ń ṣe mí."

"Mo gbọ́. Ta ló ni ẹsẹ̀ náà? Ṣé kì í ṣe obìnrin ni?"

Ọ̀rọ̀ bọ́. Sídíkátù ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́: ẹní, ìyá ọkọ, ara tó kú, ìtọ̀ tí ń bà á lẹ́rù, ọmọ Èjìgbò. Germaine kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó dé orí omi ìwẹ̀ ló tó gbé ọwọ́ sókè.

"Attendez, ẹ dúró ná. Omi gbígbóná? Láràárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ̀ mí, bí abiyamọ."

"Tí ẹ bá wẹ̀ tán, ṣé ẹ máa ń lè dìde?"

"Háà, rárá o. Ẹsẹ̀ mi á rọ, ojú mi á ṣú, màá sùn títí di ọ̀sán. Wọ́n ní àìsàn ló ń jáde lára mi."

"Kì í ṣe àìsàn ló ń jáde, agbára yín ni! Ooru ni ọ̀tá àìsàn yìí. Kò ní ba iṣan yín jẹ́, ṣùgbọ́n bí ara bá ti gbóná, iṣan á dákẹ́ títí ara á fi tún tutù. Omi tútù ni kí ẹ máa wẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú màmá, wọn ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yàrá ló wá kàn. Germaine sọ ọ́ bí ẹni tí ń júwe bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀. Ó ní kí wọ́n má dúró de alẹ́, nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́ tán. Àárọ̀ ni kó jẹ́, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, tí agbára ṣì wà.

"Àárọ̀ kẹ̀?" ni Sídíkátù ké. "Madame, ojúmọmọ?"

"Ìyá Àbúdù, oòrùn ti rí ohun tó ju ìyẹn lọ."

Ó ní kó kọ́kọ́ lọ tọ̀, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí díẹ̀ bá sì yọ́, aṣọ lásán ló ń bọ́ sí, ayé kò bàjẹ́. Ó ní bí ojú ara bá gbẹ, kì í ṣe pé ọkọ ò wù ú mọ́, iṣan ni kò jíṣẹ́. Ó fún un ní ìpara kan tó máa ń jẹ́ kó rọrùn. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe fẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ tí yóò fi ìrọ̀rí ti orúnkún, kí iṣan má fà. Ó ní bó bá rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dáwọ́ dúró kí wọ́n sinmi, nítorí kì í ṣe ìdánwò ilé ìwé.

"Kí ẹ tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ," ló tún béèrè, "kí lẹ máa ń ṣe?"

"Màá fọwọ́ pa á. Kí n lè mọ ojú rẹ̀, kí n mọ ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara yín. Ẹ wá àyè, ẹ fọwọ́ pa á látòkè délẹ̀. Ibi tó kú, ẹ mọ̀ ọ́n. Ibi tó ń ta, kí Monsieur máa yà fún un. Ibi tó dùn mọ́ yín, ó wà, mo fi Ọlọ́run búra, ẹ mú ọwọ́ rẹ̀ débẹ̀. Ìdí nìkan kọ́ ni obìnrin."

Sídíkátù rìn jáde, etí rẹ̀ ń gbóná, inú rẹ̀ sì fúyẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an, ó ti ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ pa ara rẹ̀ bí ẹni tí ń yẹ aṣọ wò lọ́jà. Ó rí i pé ẹ̀yìn ọrùn òun wà. Èjìká òun wà. Inú apá òun wà, ó wà dáadáa. Ó jókòó síbẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí owó nínú àpò aṣọ àtijọ́.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó ní kí Rùfáì sin òun lọ. Rùfáì jókòó síwájú Germaine, ó fi fìlà sórí orúnkún, epo ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Germaine bi í tààrà pé kí ló dé tí kò fi sún mọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí yí fìlà náà po.

"Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀," ló wí, "alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀, mo fọwọ́ kàn án nítan. Ó pariwo. Ilẹ̀ mọ́, kò lè dìde. Mo rò pé èmi ni mo ṣe é."

Sídíkátù yíjú sí i. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohun tó gbé sáyà nìyẹn.

"Rárá, Monsieur," ni Germaine wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Iṣan tí ń ṣàìsàn ló pariwo. Ìbálòpọ̀ ò lè fa àìsàn yìí, kò lè dá kún un, kì í sì í ranni."

Rùfáì gbé fìlà bo ojú, ó sunkún sínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́, ó fi kàn án léjìká.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nínú takisí, Rùfáì ní, "Ìyá Àbúdù, ti ẹní yẹn ńkọ́? Èmi ò lè lọ bá màmá pé kí wọ́n fún mi níyàwó mi. Ẹnu mi ò gbà á."

"Ẹnu tèmi náà ò gbà á, Bàbá Àbúdù."

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ń lọ.

Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Sídíkátù dé ìdí ẹ̀rọ, ó bá ṣòkòtò kan lórí rẹ̀. Ti Rùfáì ni, ó ya lẹ́sẹ̀. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó là gbọọrọ. Abẹ ni. Sídíkátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, oníbàárà tó ń dúró de bùbá rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó rán ṣòkòtò náà dáadáa, ó sì pinnu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Rùfáì wọlé pẹ̀lú garawa omi tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Ó bá ẹní ìyàwó rẹ̀ ní kíká, tí wọ́n ti so, Sídíkátù sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọ̀pá mú kó má baà ṣubú.

"Kí ló dé? Ṣé Pláàkì ti jí ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Sídíkátù wí, "ẹ dá mi padà."

Ìyá Rùfáì gbé garawa sílẹ̀. "Pláàkì ò tíì lọ."

"Kò ní lọ mọ́, Màmá. Bí a bá ń dúró dè é, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa darúgbó nínú yàrá yìí. Ọkọ mi wù mí. Èmi náà wù wọ́n. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ìyàwó kì í béèrè."

Ìyá àgbà náà wò ó lójú. "O fẹ́ ẹ? Mo rò pé o ò fẹ́ mọ́ ni. Àánú ẹ ló ń ṣe mí. Mo ní bí mo bá dá ẹ padà, bíi pé mo ti aláìsàn sẹ́nu iṣẹ́ ni."

"Ara mi kì í ṣe aláìsàn tán, Màmá. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa bí a ó ṣe máa ṣe é. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná yìí..." Ó nawọ́ sí garawa. "Òun ló ń gba ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ mi. Omi tútù ni wọ́n ní kí n máa wẹ̀."

Ìyẹn ló dun Ìyá Rùfáì jù. Ó jókòó sórí ẹní tó wà ní kíká náà, ó ń wo èéfín tó ń jáde lórí garawa. Omi gbígbóná ló fi wẹ gbogbo abiyamọ ilé náà. Òun náà ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ nígbà tó bí Rùfáì. "Gbogbo omi tí mo gbé kaná yìí," ló wí.

"Ìfẹ́ lẹ fi gbé e kaná, Màmá. Mo mọ̀ ọ́n."

Ìyá Rùfáì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ pa ẹní náà. "Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Látìgbà tí bàbá Rùfáì ti lọ, kò sí ẹni tí ń bá mi sọ̀rọ̀ kí oorun tó gbé mi lọ. Ìgbà tí o dé, mo rí ẹni bá rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti dá ẹ padà. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó di ọ̀la."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Sídíkátù lára. Ó fi orí lé orúnkún ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sunkún díẹ̀, wọ́n sì fi etí aṣọ kan náà nujú. Ìyá Rùfáì dìde. Ó gbé ẹní náà ka orí, ó jáde sójú oòrùn. Àwọn kan ń rin pákò nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn kan ń pọn omi, gbogbo wọn sì dúró. Sídíkátù ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń wolẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ìyá àgbà kan ilẹ̀kùn.

"Rùfáì! Wá gba ìyàwó rẹ!"

Rùfáì jáde, ṣòkòtò tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ilé.

"Dìde, má ba ṣòkòtò jẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo máa ránṣẹ́ sí Èjìgbò. Kí ọmọ wọn jókòó sílé ìwé rẹ̀."

A kò ní sọ pé ọjọ́ yẹn náà ni gbogbo nǹkan tò. Ààwẹ̀ kò tíì parí, ìtìjú náà kò sì tíì tán. Lálẹ́, Sídíkátù kì í tètè lọ sùn. Yàrá ìyá ọkọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yà sí, wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ àwọn ará ilé lẹ́yìn títí Ìyá Rùfáì á fi lé e jáde pé, "Dìde, ẹni tó ni ẹ́ ń dúró." Bó bá dé ọ̀dọ̀ Rùfáì, wọ́n á dùbúlẹ̀, á mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọrùn, sí èjìká. Nígbà míì iṣan á fà á, Rùfáì á fò sókè, Sídíkátù á ní, "Ẹ má sá, Pláàkì ló ń kí yín."

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún ìtúnu, ní àárọ̀ Jímọ̀, Rùfáì kírun àsùbáà dé láti mọ́ṣáláṣí. Ilẹ̀ tutù. Àwọn ọmọ wà ní yàrá ìyá àgbà. Ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀, Sídíkátù sì ti lọ tọ̀, ó ti gbé ìrọ̀rí sí ibi tó yẹ. Ìyókù kò kàn wá.

Nígbà tí wọ́n jí lẹ́ẹ̀kejì, oòrùn ti yọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù tó wá ba Sídíkátù. Wọ́n gbọ́dọ̀ wẹ ìwẹ̀ jánábà, tí Mùsùlùmí ń wẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ̀rọ omi sì wà láàárín àgbàlá. Bí òun bá yọ pẹ̀lú ọ̀pá àti garawa ní irú wákàtí yìí, títí dé ọjà ni wọ́n á ti gbọ́. Rùfáì náà ò lè jáde, ojú ń tì í ju tirẹ̀ lọ. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú ìrọ̀rí bí ọmọdé tó jí ẹran jẹ.

Níkẹyìn, Sídíkátù ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Garawa méjì ló bá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ọpọ́n bò wọ́n, aṣọ ìnura mímọ́ wà lórí ọ̀kan. Lódìkejì, Ìyá Rùfáì jókòó síwájú yàrá rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ń jágbe mọ́ gbogbo ilé pé kí kálukú wo iwájú ara rẹ̀.

Sídíkátù gbé ọpọ́n kúrò. Kò sí èéfín. Ó ti ọwọ́ bọ omi náà títí dé ìgbúnwọ́. Ó tutù.